Ìpanu Kì í Ṣe Oúnjẹ: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Alájì Kan ní Kubwa

Nígbà tí Alájì kọ́kọ́ jókòó níwájú mi, ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, agogo méjì ọ̀sán ti kọjá díẹ̀. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ti jẹun. Wọ́n mi orí. "Láti àárọ̀, mi ò tíì jẹun o." Wọn ò purọ́. Ó tó oṣù méjì kí n tó mọ̀ pé lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n ti mu ife tíì ńlá kan, wọ́n ti jẹ ìdajì búrẹ́dì pẹ̀lú ẹyin díndín méjì, àkàrà mẹ́rin, àti mítípáì tí wọ́n pín ní ìpàdé, wọ́n sì ti fi mínírà sìn ín. Lójú wọn, kò sí oúnjẹ nínú gbogbo ìyẹn. Ìpanu ni.

Mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún àwa tá a máa ń bá àwọn èèyàn yẹ oúnjẹ wọn wò: nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ ìlera, àti onímọ̀ oúnjẹ bíi tèmi. (Dókítà ni gbogbo wọn ń pè mí. Mo ti sọ ọ́ títí pé èmi kì í ṣe dókítà, ó ti sú mi.) Alájì ló fún mi láyè kí n kọ ọ́. Mo yí àwọn nǹkan díẹ̀ padà nínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa dá wọn mọ̀.

Bá a ṣe bá a

Ẹni ọdún 53 ni Alájì. Ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti wá, ó sì ti lé lógún ọdún tí wọ́n ti wà l'Abuja. Kubwa ni wọ́n ń gbé, iléeṣẹ́ ìjọba kan ní Central Area ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Kubwa á mọ ohun tí ìyẹn ń gbà lọ́wọ́ èèyàn: wọ́n gbọ́dọ̀ ti jáde nílé kí agogo mẹ́fà àárọ̀ tó lù, tí wọ́n bá sì fi máa wọlé lálẹ́, agogo mẹ́jọ ti lù tàbí kó fẹ́ lù.

Dókítà tó ń tọ́jú wọn ló rán wọn sí mi. Kílò 94 ni wọ́n wọ̀n, gíga wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 170. Tá a bá ṣírò rẹ̀, BMI wọn, ìyẹn bí ìwọ̀n ara èèyàn ṣe rí sí gíga rẹ̀, jẹ́ 32.5, bẹ́ẹ̀ sì ni láti 30 ni wọ́n ti ń ka èèyàn sí ẹni tó sanra ju bó ṣe yẹ lọ. Ikùn wọn yíká ní sẹ̀ǹtímítà 108. Ìfúnpá wọn jẹ́ 158/96, pẹ̀lú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ti ń lò fún ọdún kan. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn láàárọ̀, kí nǹkan kan tó kan ẹnu wọn, jẹ́ 112 mg/dL. Kò tíì dé 126 tí wọ́n ń pè ní àtọ̀gbẹ, àmọ́ ó ti kúrò ní ìsàlẹ̀ 100 tó yẹ kó wà. Ojú ọ̀nà ló wà.

Ẹ má rò pé wọn ò gbìyànjú rí. Ọdún méjì ṣáájú ìgbà yẹn, ẹnì kan ti fún wọn ní bébà tó kún fún "má jẹ": má jẹ ẹ̀bà, má jẹ iyán, má jẹ ìrẹsì. Ohun méjì péré ni bébà náà ní kí wọ́n máa jẹ, wíìtì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí kò pọ́n. Gbogbo wa la mọ bébà yẹn. Látìgbà náà ni Alájì ti ń jẹ wíìtì lálaalẹ́. Nígbà tí mo dé ilé wọn lẹ́yìn náà, mo gbé wíìtì tó wà nínú abọ́ wọn sórí ìwọ̀n: gráàmù 640. Wọ́n ti gbà pé oògùn ni, ta ló sì ń ṣahun oògùn? Bẹ́ẹ̀, gààrí gbígbẹ gráàmù 100 àti ìyẹ̀fun wíìtì gráàmù 100 kò jìnnà síra wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló lé ní kálórì 300. Wíìtì tí wọn ò bó èèpo ara rẹ̀ kúrò máa ń pẹ́ nínú díẹ̀, ó sì ní purotéènì ju gààrí lọ, mi ò jiyàn ìyẹn. Àmọ́ òkìtì ni òkìtì ń jẹ́.

Jọ́tà àkọ́kọ́

Ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe lèmi náà kọ́kọ́ ṣe. Mo fún wọn ní jọ́tà kékeré kan, mo ní kí wọ́n kọ gbogbo oúnjẹ tí wọ́n bá jẹ sínú rẹ̀ fún ọjọ́ méje. Wọ́n dá a padà ní mímọ́ tónítóní, ọwọ́ ìkọ̀wé òṣìṣẹ́ ìjọba: "Ọ̀sán: ìrẹsì, ẹran kan. Alẹ́: wíìtì, ẹ̀fọ́, ẹja." Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ní Sátidé àti Sọ́ńdè. Mo ṣírò rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ pé ohun tó wà nínú jọ́tà yẹn nìkan ló ń jẹ, ṣe ló yẹ kó máa rù.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣàṣìṣe. Dípò kí n bi ara mi pé kí ló wà níta jọ́tà yìí, oúnjẹ alẹ́ ni mo dojú kọ, torí òun ni mo rí. Mo ní kí wọ́n fi òkèlè alẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n máa jẹ mọ́ínmọ́ín kan pẹ̀lú ẹ̀kọ díẹ̀. Wọ́n gbà, wọ́n sì ṣe é dáadáa fún ọjọ́ mẹ́wàá. Nígbà tí wọ́n fi máa padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, kílò 95.1.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí ìwọ̀n, wọ́n wò mí. "Dókítà, àbí afẹ́fẹ́ ni mò ń jẹ ni?"

Mi ò rí nǹkan sọ. Ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà ni pé ebi tí mo ní kí wọ́n máa gbé sùn ń jí ṣáájú wọn láàárọ̀, wọ́n á sì san gbèsè rẹ̀ lójú ọ̀nà pẹ̀lú èlé.

Alẹ́ẹ̀tì

Ọ̀rọ̀ owó ló la ojú wa. Oṣù kìíní ọdún 2025 ni. Alájì fi tiráńsífà sanwó fún wa, akọ̀wé ní òun ò tíì rí i, ni wọ́n bá gbé fóònù wọn wá bá mi pé kí n fojú ara mi rí alẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n ṣe ń fa ojú fóònù náà sókè sódò, orúkọ kan náà ń kọjá níwájú mi ṣáá: ₦1,200, ₦1,200, ₦1,500. Mo ní, "Ta nìyí, sà?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Mài ṣáì iwájú ọ́fíìsì wa ni." Ẹni tó ń ta tíì nìyẹn.

Ẹni tó bá wà níbí níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí owó tuntun wọ́n tí àtijọ́ ò sì ṣe é ná, á rántí bí gbogbo ọlọ́jà ṣe kọ́ tiráńsífà ní tipátipá. Kò sì kúrò lára wọn mọ́. Ìyá tó ń din kósé, ìyẹn àkàrà, lábẹ́ igi pàápàá ní nọ́ńbà àkáǹtì lára ìsọ̀ rẹ̀. Mo bẹ Alájì pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí kò bá ní ni yín lára, ṣé a lè jọ wo ọ̀sẹ̀ tí ẹ fi kọ jọ́tà yẹn?" Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n gbà. Wọ́n ń kà, mò ń kọ. Alẹ́ẹ̀tì 38 ló wà fún ọ̀sẹ̀ náà. Ohun tó wọ ẹnu ló ni 24 nínú wọn. Ìrẹsì ọ̀sán márùn-ún nìkan ló bá jọ́tà mu nínú 24 yẹn. Àwọn 19 tó kù, jọ́tà ò gbọ́ nípa wọn. A wá padà sẹ́yìn sí ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wá, ọjọ́ tí wọn ò tíì jẹun láti àárọ̀.

Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n fi pa mọ́ fún mi ni. Rárá o. Èdè wa ló fi pa mọ́ fún àwa méjèèjì. Tí Yorùbá bá ní òun ti jẹun, ó ní ohun tó ń sọ: ó jókòó, ó fọwọ́, ọbẹ̀ wà ńlẹ̀, ó yó. Èyí téèyàn jẹ lórí ìdúró, tàbí nínú mọ́tò, tàbí tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ní ìpàdé, ó kàn fi panu ni. Ohun mímu ò tilẹ̀ dé ipò ìpanu. Ìdí nìyí téèyàn fi lè panu láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kó búra pé òun ò tíì jẹun, kí ìbúra náà má sì mú un. Èmi tí mo béèrè pé "Kí lẹ jẹ?" ni ìbéèrè mi ò tọ́. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Èmi wá lọ jókòó ti ilẹ̀kùn iwájú, mò ń retí kí ẹlẹ́dẹ̀ kan ìlẹ̀kùn.

Jọ́tà kejì, ìbéèrè rẹ̀ yàtọ̀. Kí ló kan ẹnu yín, agogo mélòó, níbo, ta ló fún yín? Omi nìkan ni wọn ò ní kọ. Wọn ò ní dúró dalẹ́ kí wọ́n tó kọ ọ́, torí ọkàn èèyàn máa ń gbá ilé mọ́ kó tó fi han àlejò. Kí wọ́n tó sùn, wọ́n á fi alẹ́ẹ̀tì ọjọ́ náà yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọjọ́ kan nínú rẹ̀, ọjọ́ Túsìdeè kan. 7:10, ọ̀dọ̀ mài ṣáì: tíì, ṣúgà ṣíbí mẹ́rin, mílíìkì inú agolo, ìdajì búrẹ́dì, ẹyin méjì. 10:20: kósé mẹ́rin, ẹni tí tábìlì wọn jọ sún mọ́ra ló rà á. 11:45, ìpàdé, àti "aitem sẹ́fìn" wa, ìyẹn ohun tó kẹ́yìn nínú ètò ìpàdé tí gbogbo èèyàn ti ń retí láti aitem kìíní: mítípáì àti mínírà. 2:30: ìrẹsì àti ẹran. Òun ni wọ́n ń pè ní oúnjẹ. 5:50, nínú gosiló: ìpékeré ọ̀rá kan, ẹ̀pà, mọ́ọ̀tì. 8:25: wíìtì. 9:40: orí bẹ́ẹ̀dì.

Mo ní kí wọ́n mú òfìfo ìgò mínírà náà wá. Ara rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí: ṣúgà gráàmù 11 nínú mìlílítà 100. Ìgò náà gba mìlílítà 500. Gráàmù 55 nìyẹn, bíi ṣíbí tíì mẹ́rìnlá tá a bá ka ṣíbí kan sí gráàmù 4. Mo ka ṣúgà sínú ife níwájú wọn, ṣíbí kọ̀ọ̀kan, títí ó fi pé. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí irú ṣúgà bẹ́ẹ̀ má kọjá ìdá kan nínú mẹ́wàá kálórì tí èèyàn ń jẹ lóòjọ́. Fún ẹni tó ń jẹ kálórì 2,000, gráàmù 50 ni. Ìgò kan ṣoṣo ti gbé e kọjá, kí tíì àti mọ́ọ̀tì tó wá gba tiwọn. Ìjọba fi owó-orí náírà mẹ́wàá lé lítà irú ohun mímu yìí láti ọdún 2022, èyí tó jẹ́ náírà márùn-ún lórí ìgò Alájì. Mo bi wọ́n bóyá owó-orí náà kàn wọ́n lára. "Owó-orí wo?"

Èyí tí wọn ò mọ adùn rẹ̀

Mi ò kọ bébà "má jẹ" kankan. Mo fi báírò lé wọn lọ́wọ́, mo ní kí wọ́n fi àmì sí èyí tó máa dùn wọ́n jù tí kò bá sí mọ́. Ọ̀dọ̀ mài ṣáì ni wọ́n fi àmì sí. Kì í ṣe tíì náà. Ibẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ wọn máa ń jókòó láàárọ̀, ibẹ̀ ni ìròyìn ìgbéga àti ìyípòpadà máa ń kọ́kọ́ dé kó tó dé orí bébà. Mo ní kí wọ́n wá fi àmì mìíràn sí èyí tí wọn ò rántí adùn rẹ̀. Wọ́n wo jọ́tà náà pẹ́. Mítípáì. Ìpékeré inú gosiló. Kósé tí ẹlòmíì rà.

Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀, lórí èyí tí kò ní dun ẹnikẹ́ni. Mi ò fọwọ́ kan òkèlè alẹ́ mọ́. Mo tilẹ̀ dá a padà fún wọn, mo sì tọrọ àforíjì.

Ọ̀rọ̀ gosiló ò rọrùn, torí ebi tó wà níbẹ̀ kì í ṣe irọ́. Ẹni tó jẹ ìrẹsì ní 2:30 tí ò ní dé ilé títí 8:00, ẹ ò lè sọ fún un pé kó máa wo ìpékeré kó fi mu omi. Ohun tá a fi ẹnu kò sí ni kí Alájà, ìyàwó wọn, máa di fláàsì kan fún wọn, kí wọ́n jẹ ẹ́ ní ọ́fíìsì ní agogo mẹ́rin, kí wọ́n tó wọ mọ́tò: ẹ̀wà, tàbí áchà. Áchà ni wóró kéékèèké tí wọ́n ń gbìn lọ́hùn-ún ní Plateau, tí wọ́n ń tà ní mudu ní ọjà Kubwa. Nígbà àkọ́kọ́ tí Alájà sè é bíi jọ̀lọ́ọ̀fù, Alájì ní, "Ṣé mo ti di ẹyẹ ni?" Wọ́n jẹ ẹ́ tán ṣá. Èèyàn ti sọ áchà di oògùn báyìí, bí wọ́n ṣe sọ wíìtì dà tẹ́lẹ̀, torí náà mo ní kí Alájà máa fi ife kan náà wọ̀n ọ́n ní gbogbo ìgbà.

Ní ti mài ṣáì, ṣúgà ṣíbí mẹ́rin di mẹ́ta, ó di méjì, ó dúró síbẹ̀. Búrẹ́dì di ègé méjì, ẹyin ò dín. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ní kó má fi mílíìkì inú agolo sí i, mài ṣáì gbé ṣíbí dúró lókè, ó ní, "Alhaji, lafiya?" Àwọn tó jókòó síbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Alájì sọ fún mi pé yẹ̀yẹ́ náà ló jẹ́ káwọn dúró lórí ọ̀rọ̀ àwọn.

Iyọ̀ ilé Alájà

Oṣù kejì ni mo tó lọ sílé wọn, ó sì yẹ kí n ti lọ láti oṣù kọkànlá. Alájà gbà mí tayọ̀tayọ̀, wọ́n gbé oúnjẹ wá. Mo jẹ, mo dúpẹ́, mo wọn wíìtì. Ìgbà tí mo wá la ẹnu lórí ọ̀rọ̀ iyọ̀ ni ojú wọn yí padà. "Dókítà, ṣé ohun tí ẹ wá sọ ni pé èmi ni mo fẹ́ pa bàbá àwọn ọmọ mi?" Mo kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Kì í ṣe ohun tí mo ní lọ́kàn nìyẹn." Ọdún mẹ́tàlélógún ni wọ́n ti ń sebẹ̀ fún ọkọ wọn. Oṣù mẹ́ta sì ni èmi àti ọkọ náà fi ń ṣèpàdé lórí ìkòkò wọn láìpè wọ́n sí i. Ta ni kò ní bínú?

Mi ò sọ pé kí wọ́n dín nǹkan kan kù. Mo bẹ̀ wọ́n pé tí wọ́n bá já iyọ̀ tuntun, kí wọ́n kọ déètì sára ọ̀rá rẹ̀, kí wọ́n tún kọ ọ́ lọ́jọ́ tó bá tán. Kí wọ́n ṣe bákan náà fún mági. Wọ́n já iyọ̀ kílò kan àti ọ̀rá mági ọgọ́rùn-ún hóró ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì. Méjèèjì tán ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n. Ọjọ́ 24, èèyàn márùn-ún. Alájà fúnra wọn ló fi fóònù ṣírò rẹ̀, wọ́n sì pè mí: iyọ̀ gráàmù 8.3 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́. Hóró mági gráàmù 4 kan, ó lé ní ìdajì rẹ̀ tó jẹ́ iyọ̀, nítorí náà ìyẹn náà fi bíi 1.7 kún un. Gráàmù 10 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ WHO ní kó má tó gráàmù 5. Òótọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo iyọ̀ tó wọ ìkòkò ló ń wọ ikùn, omi ìbọ̀ṣu máa ń dà nù, àlejò sì máa ń jẹ níbẹ̀. Àmọ́ a ò tíì ka iyọ̀ búrẹ́dì, ti kósé, àti ti yájì orí sùyá alẹ́ Fúráídè.

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù. "Ẹ má sọ fún Alájì," ni wọ́n wí. "Ẹ jẹ́ kí n rọra ṣe é."

Iṣẹ́ tó gbọ́n jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, Alájà ló ṣe é, kì í ṣe èmi. Mági mẹ́rin inú ọbẹ̀ di mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ kan, ó di méjì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Iyọ̀ kúrò ní ṣíbí, ó di ohun tí ọmọ ìka mẹ́ta lè mú. Wọ́n fi ìrú dí àlàfo rẹ̀. Dàwàdáwà ọjà ibí máa ń gbóòórùn débi pé ahọ́n á gbàgbé ohun tó ń wá. Wọ́n pa àlùbọ́sà pọ̀ sí i, wọ́n fi efinrin sí i. Ní bí ọ̀sẹ̀ kẹfà, wọ́n jọ lọ síbi ìgbéyàwó kan ní Gwarinpa. Alájì tọ́ ìrẹsì wò, wọ́n gbé ṣíbí kalẹ̀: "Ẹ̀yin alásè yìí, ṣé ẹ̀ ń ta iyọ̀ ni?" Alájà wo òkè.

Ọwọ́ tó ń pebi

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 2025 ni ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Dókítà wọn ló ṣètò bí oògùn wọn á ṣe bọ́ sí àkókò sààrì àti ìṣínu. Èmi ò dá sí i, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni nínú wa dá sí i. Ẹ̀rù ààwẹ̀ ń bà mí. Mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọ́n fi kílò méjì jáde nínú rẹ̀ ju bí wọ́n ṣe wọlé.

Ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́, ìwọ̀n ò lọ síbì kankan. Jọ́tà fi ìdí rẹ̀ hàn: dàbínù, kúnú oníṣúgà ife méjì, kósé, dòdò, gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún; òkèlè lẹ́yìn ìrun tàráwíhì; ó di orí bẹ́ẹ̀dì. A yí i padà. Omi àti dàbínù mẹ́ta, kí wọ́n kírun Màgáríbì, kí wọ́n wá jókòó jẹun gidi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kúnú di ife kan, ata ilẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, ṣúgà ò sí. Ẹ̀wà di ti sààrì, dípò búrẹ́dì tí kì í pẹ́ dà.

Kì í ṣe ohun tí mo yí padà ló ṣe pàtàkì jù. Ní nǹkan bí ọjọ́ kejìlá, Alájì pè mí lálẹ́. Wọ́n ní mọ́tò àwọn dúró nínú gosiló lọ́jọ́ náà bó ṣe máa ń ṣe, àwọn ọmọ tó ń ta ìpékeré ń sáré kọjá, ọwọ́ àwọn sì ti wọ àpò kí wọ́n tó rántí pé ààwẹ̀ làwọn wà. "Dókítà, ebi ò pa mí rárá. Ọwọ́ mi lebi ń pa."

Mo ti ń wá gbólóhùn yẹn láti bí ọdún mẹ́wàá tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Mi ò lè sọ ọ́ fún wọn kó wọ̀ wọ́n lára bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fúnra wọn. Lẹ́yìn ọdún ààwẹ̀, èmi àti wọn jọ ń fi gbólóhùn náà béèrè nǹkan lórí jọ́tà: "Ikùn ni àbí ọwọ́?" Wọ́n máa ń kọ "ọ" sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó bá jẹ́ ti ọwọ́. Ọjọ́ ọdún bọ́ sí ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹta. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kílò 90.8.

"Ṣé kò sí nǹkan?"

Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ da gbogbo rẹ̀ rú ò wá láti Abuja. Wọ́n lọ ṣọdún Iléyá nílé ní oṣù kẹfà, kílò 89.5 ni wọ́n nígbà tí wọ́n ń lọ. Ọrùn wọn ti yọ, àgbádá ń ṣe fìlàfìlà lára wọn. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin wò wọ́n láti òkè délẹ̀, omi bọ́ lójú wọn: "Àbúrò mi, ṣé kò sí nǹkan? Ṣé wọ́n ti dá ọ dúró níbi iṣẹ́ ni?" Ìmáàmù fẹ́ ṣàdúà ìwòsàn. Ẹnì kan bi Alájà ní kọ̀rọ̀ pé kí ni dókítà rí. Láti fi han gbogbo ayé pé ara àwọn le, Alájì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun níwájú èèyàn: iyán láàárọ̀, àmàlà lọ́sàn-án, ẹran àgbò ní gbogbo ìgbà. Ọjọ́ mẹ́rìnlá, kílò 91.3.

Mi ò kìlọ̀ fún wọn ṣáájú. Mo ti múra sílẹ̀ fún ẹran, mi ò múra sílẹ̀ fún ẹkún. Láàárín wa, ara tó kún ni ẹ̀rí pé ilé ń tòrò, pé ìyàwó ń tọ́jú ọkọ, pé iṣẹ́ wà lọ́wọ́. Ẹni tó bá rù, wọ́n á wá ohun tó ń jẹ ẹ́ kiri. Alájà ló tún yanjú rẹ̀: wọ́n gbé gbogbo aṣọ Alájì lọ fún télọ̀, wọ́n fún wọn pọ̀. "Aṣọ tó fẹ̀ ló ń pariwo àìsàn," ni wọ́n wí. Wọ́n sì pe ẹ̀gbọ́n náà, wọ́n ka nọ́ńbà ìfúnpá àtijọ́ àti tuntun fún wọn. Ẹ̀gbọ́n ọ̀hún ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru pẹ̀lú, nọ́ńbà sì yé wọn ju ìtàn lọ.

Ibi tó dé

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025: kílò 88.4, ikùn sẹ̀ǹtímítà 100, ìfúnpá 134/84, ṣúgà àárọ̀ 103. Oògùn tí wọ́n ń lò ò yí padà. Ṣé oúnjẹ ló mú ìfúnpá náà wálẹ̀? Mi ò lè pín in. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ gbogbo ohun tó kan ẹnu wọn ni wọ́n tó jẹ́wọ́ pé àwọn máa ń gbàgbé oògùn tó ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀. Jọ́tà tún ìyẹn náà ṣe. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé iyọ̀ nìkan ni, ẹ bi í léèrè nípa oògùn.

Èso ò ṣeé ṣe. WHO ní gráàmù 400 èso àti ẹ̀fọ́ lóòjọ́. Ẹ̀fọ́ Alájà ń gbìyànjú, àmọ́ lójú Alájì, ọsàn jẹ́ ohun tí wọ́n ń gbé fún ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Oúnjẹ alẹ́ ṣì ń bọ́ sí 8:30, torí èmi kọ́ ni mo la ọ̀nà Kubwa. Wíìtì ti di ẹ̀bà padà, gráàmù 380, inú Alájì sì dùn sí ìyẹn ju gbogbo kílò tó lọ.

Ọ̀nà tí mò ń gbà ṣiṣẹ́ ti yàtọ̀ díẹ̀ látìgbà náà. Ọ̀rọ̀ "jẹ" ti kúrò nínú ìbéèrè mi àkọ́kọ́. Ẹni tó ń sebẹ̀ nílé gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ní ìgbà kejì tá a bá ríra, tí kò bá lè wá, èmi á lọ. Mo sì máa ń béèrè pé ta ni yóò kọ́kọ́ sunkún tí ẹ bá rù.

Alẹ́ẹ̀tì ò wúlò fún gbogbo èèyàn. Ọ̀gá tí wọ́n ń gbé oúnjẹ wá fún ní ọ̀fẹ́ ò ní í, ìyá alásè tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò láti àárọ̀ ò ní í. Fún ìyẹn, mo ní kó máa ju hóró ẹ̀wà kan sínú ife ní gbogbo ìgbà tí ṣíbí bá kan ahọ́n rẹ̀. Fún ẹni tó bá sì ní alẹ́ẹ̀tì, ẹ má gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ láé. Òun ni kó máa kà á, kí ẹ jókòó síbi tí ojú yín ò ti ní dé ibẹ̀. Ohun tó wà nínú alẹ́ẹ̀tì ọmọ èèyàn ju oúnjẹ lọ. Lọ́jọ́ yẹn, a dé orí ọ̀kan tí Alájì dákẹ́ lé lórí díẹ̀, tí wọ́n sì fò ó. Mo yíjú sí fèrèsé, mò ń wo igi dọ̀ngóyárò tó wà níta, títí wọ́n fi dé orí ti mài ṣáì.